Ìgbòkun Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Rán

Ọjọ́ kejì oṣù Sífì

Òjò ti dá. Òkun ti là. Wọ́n ń kun ìdí ọkọ̀ ní ọ̀dà káàkiri èbúté, èéfín rẹ̀ bo òórùn ìgbín òkun tí àwọn aláró fi ń ṣe aró mọ́lẹ̀. Ká dúpẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí torí pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ámótì tá a jọ ń rán ìgbòkun, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, èbúté méjèèjì tó wà ní Tírè á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó mú. Bàbá mi kọ́ mi ní lẹ́tà kí n lè máa fi sàmì sára ẹrù. Ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí yìí, etí ìwé Íjíbítì tí àwọn akọ̀wé Àlùkò gé dànù ni.

Àlùkò — ọ̀gá tó ni ọkọ̀. Ṣáfátì ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í wọ aṣọ elése àlùkò, ì báà jẹ́ ẹja ló fẹ́ lọ ná.

Ọ̀rọ̀ náà rèé: mo ti lóyún. Ó ti kúrò ní kékeré, ẹ̀wù ńlá ni mo fi ń bò ó. N kò tíì sọ fún ọkọ mi.

Ọjọ́ kẹta

Ọkọ mi, Gérá, ni yóò tọ́ ọkọ̀ tuntun tí Àlùkò ń kàn. Bàbá rẹ̀, Mútúnì, ló ń tọ́kọ̀ fún ilé Àlùkò kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Nínú ọkàn mi, Baba Etíkun ni mo ń pè é. Kò jẹ́ kí ilẹ̀ kúrò lójú òun rí. Bí wọ́n bá ń lọ ra bàbà ní Kítímù, wọ́n á rọra fara ro etíkun lọ sókè — Sídónì, Gébálì, títí dé Árífádì. Wọ́n á máa fa ọkọ̀ gun iyanrìn ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń da ewúrẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó de afẹ́fẹ́ tó máa gbé wọn sọdá. Nígbà mìíràn, oṣù á lé, oṣù á kú, afẹ́fẹ́ kò ní yà.

Ibẹ̀ ni Gérá wà nígbà tí mo bí ọmọkùnrin wa. Ó jókòó sórí iyanrìn Árífádì, ó ń retí afẹ́fẹ́. Ọmọ dé, ọmọ lọ. Kí bàbá rẹ̀ tó wọlé, koríko ti hù lórí sàréè rẹ̀ ní òdìkejì omi, níbi tí ìlú wa ń sin òkú sí. Ó ní kí n júwe ojú rẹ̀ fún òun. Mo júwe rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Títí dòní, ó ṣì máa ń ní kí n tún un sọ.

Kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi Áṣítátì búra.

Ọjọ́ kẹfà

Ìgbòkun tí ilé yìí ń lò láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, aṣọ gbàgàdà lásán ni. Bí ìjì bá dé, àfi kí àwọn ọkùnrin gun òkè lọ ká a pẹ̀lú ọwọ́. Àwọn ará Árífádì ní òmíràn báyìí. Wọ́n á rán òrùka sí ojú aṣọ náà ní ìlà ìlà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n á ki okùn bọ òrùka wọ̀nyẹn, wọ́n á gbé e kọjá lórí igi ìdábùú, wọ́n á fà á wá sẹ́yìn níbi tí atọ́kọ̀ dúró sí. Fa okùn, aṣọ ká. Dẹ okùn, aṣọ tú. Kò sẹ́ni tó gun nǹkan kan. O tiẹ̀ lè ká apá ọ̀tún kó o fi tòsì sílẹ̀, kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́ gbà fún ọ.

Gérá ní pẹ̀lú irú ìgbòkun bẹ́ẹ̀ àti ìràwọ̀ tí kì í ṣípò yẹn, láti Tírè gan-an ni òun á ti kọjú sí Kítímù tààrà. Wọn ò ní fẹsẹ̀ kan Árífádì. Olójú-Sánmà ni mo ń pè é. Ọbẹ̀ ẹ̀wà ń tutù níwájú rẹ̀, òkè ló ń wò.

Mo ní, "Jẹ́ kí n rán an."

Àlùkò gbà kíá. Ó ní bí bàbà òun bá máa ṣáájú ti àwọn ẹlòmíràn dé, kí a rán òrùka mọ́ ẹṣin onígi tí wọ́n gbẹ́ síwájú ọkọ̀ pàápàá.

Ọjọ́ keje

Baba Etíkun gbọ́. Ilé gbóná.

Ó ní, "Ilẹ̀ ni ìyá atọ́kọ̀. Ọmọ tó bá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tílẹ̀ ṣú, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un?" Gérá ní, "Baba, ìràwọ̀ ń bẹ." Baba ní, "Ìràwọ̀! Bí ìkùukùu bá bò ó ńkọ́? Ṣé wàá gun òkè lọ nù ún ni?"

N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu: òun kò ní fi òróró pa ẹṣin náà lórí. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sí ọmọ Tírè kan tó máa wọ ọkọ̀ tuntun tí àgbà atọ́kọ̀ ilé náà kò tíì da òróró sí orí ẹṣin iwájú rẹ̀, kí ó sì pe orúkọ ọkọ̀ náà sí i létí. Ẹṣin tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kì í mọ ọ̀nà ilé. Àlùkò lè lówó títí, kò lè fowó ra ìyẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ìránṣọ látàárọ̀. Òrùka. Òrùka. Òrùka. Ámótì ń kọrin tí kò ṣeé kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ojú tì mí débi pé mi ò fẹ́ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi pa mọ́ fún?

A gbé ìgbòkun lọ sí èbúté láti dán an wò. Gbogbo ayé wá wòran, Baba náà wà níbẹ̀, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Wọ́n ta ìgbòkun. Ó rẹwà! Omi òkun ta sí i, ó rin gbingbin, ó tún gbẹ díẹ̀. Gérá fa okùn. Aṣọ náà ká dé ìdajì, ó há. Apá kan lọ sókè, apá kan wà nílẹ̀, àárín wú bí ẹni tó jẹun yó. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì nínú èbúté tó kún fún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Wọ́n fi àjẹ̀ tì í sọ́hùn-ún, wọ́n fi àjẹ̀ tì í síhìn-ín. Èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún wa kò kéré.

Ámótì — ọ̀rẹ́ mi nìyẹn o — ó ní, "Ìyàwó Gérá, ṣé ìgbòkun lo rán àbí àpò àlùbọ́sà?"

Baba gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó yí padà, ó lọ sílé. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀bi mi ni. Gbogbo ọmọ aránṣọ ló mọ̀ pé wọ́n kì í gé ọ̀gbọ̀ tuntun láì kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi òkun kó súnkì tán. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ aláṣọ méjì ni ọ̀gbọ̀ wa ti wá. Ọ̀kan ti mumi, èkejì kò tíì mu. Nígbà tí omi kàn án, ọ̀kan fún, èkejì dúró, gbogbo ìlà òrùka wá wọ́ bíi ojú ọ̀nà ewúrẹ́. Mo kánjú. Inú mi ló ń tì mí: kí ọkọ̀ lọ, kí ó dé, kí n tó bí.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Tú u. Gbogbo rẹ̀ pátá.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Aṣọ wà nínú omi. Àwọn ẹja kéékèèké ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Gérá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń fò sókè bí ọmọdé, ó ní òun ń jó fún òrìṣà Mélíkátì. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un. N kò sọ.

Ọjọ́ ogún

Baba wá jókòó tì mí lórí òrùlé níbi tí mo ti ń rán an. Kò kí mi. Ó tẹ́tí sí abẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, "Ìyàwó wa, ṣé o fi ìda pa òwú yẹn?"

"Mo fi pa á, Baba."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, Baba."

"Tún un pa."

Mo tún un pa. N kò mọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ Ábídì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó kú kí wọ́n tó gbé mi wọ ilé yìí. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Mo kàn bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Baba sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n, tirẹ̀ ṣáájú, ti Ábídì tẹ̀ lé e, wọ́n ń fara ro etíkun bọ̀ láti Íjíbítì. Lẹ́bàá Òkè Funfun, afẹ́fẹ́ yí padà láti ojú òkun, ó ń tì wọ́n sí àpáta. Ti Baba ti ré e kọjá. Àwọn ọmọkùnrin gun òkè nínú ọkọ̀ Ábídì láti ká ìgbòkun, aṣọ ń gbá wọn bí igi, kò ká. Ó ní, "Mo gbọ́ tó pè mí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. Mi ò lè yí padà."

Ẹnu mi, ẹnu yìí! Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ilẹ̀ ló pa á. Kì í ṣe òkun."

Ó dìde. Ó gbá òwú mi dànù pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ kó tó rí ojú àtẹ̀gùn, bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò dáhùn.

Ọjọ́ kejìlélógún

Kò dáhùn. Gérá ní kí ni mo ṣe fún bàbá òun. Mo ní kò sí. Ìka mi ti wú.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kí n rọra kọ ọ́ kí n má fo nǹkan kan.

A gbé ìgbòkun padà sórí ọkọ̀. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Baba ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní èbúté, ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ó wọ inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó lé ọwọ́ tí wọ́n nà sí i dànù. Ó lọ sẹ́yìn, síbi tí atọ́kọ̀ máa ń dúró, ó ní, "Ẹ kó okùn náà fún mi."

Afẹ́fẹ́ wà. Aṣọ kún. Ó fà á. Òrùka ń ró wọrọwọrọ, ìgbòkun náà gòkè wẹ́rẹ́, gbogbo ìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dúró lábẹ́ igi. Kò sẹ́ni tó gun òkè. Kò sẹ́ni tó pariwo. Baba gbé ojú bàìbàì rẹ̀ sókè, ó ń gbọ́ pé aṣọ kò gbọ̀n mọ́.

"Ó ti ká?"

Gérá ní, "Ó ti ká, Baba."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó dẹ okùn, ó tún fà á. Ó dẹ ẹ́, ó tún fà á. Àwọn èèyàn ti ń kóra jọ. Ó wá fi orí kan okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ká ní ọmọ mi ní èyí. Ká ní Ábídì ní èyí." Ó sunkún níṣojú gbogbo èbúté. Àní Ámótì dákẹ́.

Ó ní kí wọ́n lọ gbé òróró wá.

Àlùkò ti sáré dé pẹ̀lú orúkọ tó yàn: Ògo Ṣáfátì. Ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ tì í. Baba da òróró sórí ẹṣin, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á dé ọrùn, ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Èmi nìkan ni mo sún mọ́ ọn tó láti gbọ́. Kì í ṣe Ògo Ṣáfátì ló sọ. Ábídì ló pè é.

N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láé.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n lọ. Wọn kò yà sí àríwá. Wọ́n kọjú sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Ìgbòkun mi kéré sí i, ó kéré sí i, mo pa ojú dé, mo là á, kò sí mọ́.

Títí wọ́n fi lọ, n kò sọ ọ̀rọ̀ oyún náà fún Gérá. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́, ilẹ̀ ni yóò máa wò dípò ìràwọ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Afẹ́fẹ́ líle. Àwọn tó ń fara ro etíkun ti sá padà wọ èbúté, ọ̀kan nínú wọn fọ́ àjẹ̀ rẹ̀ sára àpáta. Mo jókòó sórí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba. Ó ń gbóòórùn afẹ́fẹ́. Mo bi í pé ṣé ó burú. Ó ní, "Fún wa níhìn-ín, ó burú. Fún wọn lọ́hùn-ún, kò sí àpáta." Ọ̀rọ̀ mi ló dá padà fún mi yẹn. Ó bó èso álímọ́ńdì, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jẹun nítorí ọmọ.

Mo ní ọmọ wo.

Ó ní, "Ojú mi ló fọ́. Etí mi kò fọ́. Bí o ṣe ń gun àtẹ̀gùn ti yí padà."

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kárárì

Wọ́n ti dé! WỌ́N TI DÉ!

Ọjọ́ karùn-ún

Bàbà kún inú ọkọ̀ dé ẹnu. Àwọn tó jáde kí Gérá tó jáde ṣì jókòó sórí iyanrìn Árífádì. Gérá ní ìjì yẹn bá wọn lójú agbami, ó ká ìgbòkun ku fẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ ìnujú, ọkọ̀ kàn ń gbọn ara rẹ̀, ìjì kọjá, ó tú u, wọ́n ń lọ. Ó ní òun kọrin.

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ikùn mi. Ó wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó gbàgbé òkè.

Baba, Gérá, èmi. Ẹja, búrẹ́dì, ọtí. Mo rò ó pé mo ti ṣe é. Ìgbòkun mi ti bá mi mú ọkọ mi wálé. Ní gbogbo ọjọ́ ayé wa, yóò máa lọ, yóò máa dé.

Ọjọ́ kẹjọ

Àlùkò ránṣẹ́ pe Gérá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé ọtí fún un fúnra rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí a fi ń fi irú ìgbòkun bẹ́ẹ̀ ṣe eré ọmọdé sí Kítímù. Tárṣíṣì. Ibi tí fàdákà wà, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Kí Arísátì — èmi nìyẹn — rán èyí tó tóbi jù ú lọ.

Àwọn tó lọ sí Tárṣíṣì máa ń pé ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó dé. Àwọn tó bá dé.

Orí mi o! Ọwọ́ tèmi ni mo fi ṣe é.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Gérá ní òun kò lọ. Ó ní òun á sọ fún Àlùkò kó wá atọ́kọ̀ mìíràn. Ó sọ ọ́ kedere, ó di ọwọ́ mi mú. Irọ́ kọ́, yóò dúró bí mo bá ní kó dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gun òrùlé, mo bá a níbẹ̀, ó gbé ojú sókè. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó yára wolẹ̀ bí olè.

Ìyẹn ni mi ò lè gbà. Mo ti rí ọkùnrin kan nínú ilé yìí tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ilẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Mo ní, "Lọ." Mo bínú sí i bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ṣì ń bínú sí i, mo sì sọ ọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọ̀gbọ̀ ti mumi tán, ó ti gbẹ. Mo ti ń rán an.

Èrò kan ń yọ mí lẹ́nu. Òrùka kan péré. Kí n fi òwú tí kò ní ìda rán an. Kí ó já kí wọ́n tó dé Kítímù, kí wọ́n padà wálé, kí àwọn atukọ̀ ní àmì burúkú ni. Mo di òwú gbígbẹ náà mú lọ́wọ́ títí Ámótì fi bi mí bóyá mo ti sùn.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Baba gòkè wá lẹ́yìn tí Ámótì lọ. Ó kúnlẹ̀ sórí ìgbòkun náà, àgbàlagbà! Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá òrùka lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná ta òwú wọn wò. Ó parí ìlà kan, ó bọ́ sí òmíràn. N kò dí i lọ́wọ́. Mo mọ ohun tó ń wá.

Nígbà tó wá a tán, ó jókòó, ó ń mí.

"Ìyàwó wa, mo ti rò pé màá bá ọ̀kan tó dẹ̀."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, Baba."

"Kí ló dé tí kò sí?"

Mo ní, bó bá dẹ̀, ta ló máa sọ ibi tó ti máa já? Ó lè já lẹ́bàá àpáta kan. Gérá yóò pè mí, mi ò ní gbọ́ ọ.

Baba tún fọwọ́ kan òrùka tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n kó òwú tó kù fún òun. Ojú òun kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ṣì lè pa ìda. Ó ń pa á, mo ń rán an, a jọ ń sunkún, a ò sì dáwọ́ dúró. Ọmọ yìí fi ẹsẹ̀ gbá mi níkùn. Bí Gérá bá padà dé, bí Áṣítátì bá gbà, yóò tún ní kí n júwe ọmọ rẹ̀ fún òun: bó ṣe rí nígbà tí mo bí i, bó ṣe kọ́kọ́ rìn. Mo máa júwe rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà yóò dúró sáàárín wa, yóò máa já mi nírọ́.